Yí Orúkọ Ajá Yẹn Padà Kó Tó Mọ̀ Ọ́n

Ilé wa, Ìjẹ̀bú-Òde,
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀.

Bánjọ, àkọ́bí mi, ìwọ tó kọ́kọ́ sọ mí di ìyá,

Ẹnu á yà ọ́ bí o bá rí lẹ́tà yìí. O ó ní kí ló dé tí Mọ́mì kò kàn pè mí. Mo pè ọ́ lẹ́ẹ̀mejì lánàá, lẹ́ẹ̀mejèèjì lo ní ọwọ́ rẹ dí, ò ń kọ́ ajá. Yàtọ̀ sí ìyẹn, mo mọ̀ ọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá ti fẹ́ dùn ọ́ lórí fóònù, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á kàn dédé bàjẹ́. Lẹ́tà kò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Jókòó sí fàráńdà ilé rẹ tuntun ní Odogbolu níbẹ̀, kí o kà á tán kí o tó dìde.

Mo kí ọ kú ìṣílé. Mo kí ìyàwó rẹ. Ilé á tura, ẹ ó fi ayọ̀ gbé e. Mo gbọ́ pé òrùlé ṣì ń jò ní yàrá àlejò. Ẹ gbé garawa sí i lábẹ́ títí káfíńtà mìíràn á fi dé. Òjò kò tí ì pa ẹnikẹ́ni nínú ilé ara rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì tí o pè mí, o ní o ti ra ọmọ ajá, o fẹ́ fúnra rẹ kọ́ ọ nílé, kí n sọ àwọn ìwé tí mo fi kọ́ ajá wa nígbà tí ẹ wà ní kékeré fún ọ, àti àwọn fídíò tí mo bá mọ̀ pé wọ́n dára. Inú mi dùn. Ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi mí léèrè ohun tí mo mọ̀. Kí o tó parí ọ̀rọ̀, mo ti ń to àwọn ìwé náà lọ́kàn mi. Ìgbà náà lo rẹ́rìn-ín, tí o ní, "Mọ́mì, ẹ ò tiẹ̀ béèrè orúkọ ẹ̀." Mo béèrè. O ní Fẹ̀gúnsọ́wọ́.

Ta ni kò mọ òwe náà? Ẹni tí a ní kó kín wa lẹ́yìn, ó fi ẹ̀gún sọ́wọ́. Mo mọ òwe, mo sì mọ ẹni tí o fi ń pa á. Mọ́lá àbúrò rẹ ló bá ọ dúró ti àwọn bíríkìlà nígbà tí o wà l'Ábújá. Òrùlé wá ń jò, o ní ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí kò mọṣẹ́ ló gbé iṣẹ́ náà fún. Òpópónà kan náà lẹ jọ ń gbé, iwájú ilé rẹ ló ń gbà kọjá láràárọ̀ lọ sí ilé-ìwé tó ti ń ṣe tíṣà. O ní, "Ó gbọ́ nígbà tí mo pe ajá náà lánàá. Ó kàn dákẹ́ ni." O tún rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún ọ pé omi ń hó lórí iná, mo sì pa fóònù. Kò sí omi kankan lórí iná, Bánjọ.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni lẹ́tà yìí fẹ́ sọ, àmọ́ n kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní kúkúrú. N ó kọ́kọ́ dá ọ lóhùn lórí ohun tí o béèrè, kí o má baà ní mo fọgbọ́n yẹ̀ ẹ́.

Èkíní ni ìwé. Mẹ́ta péré ni mo lò, o sì mọ̀ pé inú ìwé ni mo ti jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ọ̀gá gbogbo wọn ni ìwé pupa kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, tí mo mú wálé láti láíbìrì ilé-ìwé tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Òyìnbó obìnrin kan ló kọ ọ́. Kò pariwo, kò fọ́nnu. Ohun tó ń sọ ni pé kí o kọ́ ajá fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí o fi í lọ́rùn sílẹ̀, kí o tún padà wá bó bá ṣe díẹ̀. Bí ajá bá ṣe ohun tí o fẹ́, fún un ní nǹkan lójú ẹsẹ̀, má dúró dìgbà tí o bá rántí. Ìkejì ni ìwé pẹlẹbẹ kan tí dókítà ẹranko fún mi, lórí abẹ́rẹ́, aràn inú, oúnjẹ, àti ìdí tí kò fi dáa kí a so ajá mọ́lẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ìkẹta ni ìwé àkọsílẹ̀ tí èmi fọwọ́ ara mi kọ, lójoojúmọ́, ohun tí ajá ṣe àti ohun tí kò ṣe. Ti dókítà àti tèmi ló wà nínú àpò ìwé tí mo fi rán dírẹ́bà tó gbé lẹ́tà yìí wá bá ọ. Ìwé pupa ti padà sí ilé-ìwé tó ni ín. Mo dá a padà nígbà tí ìdápadà rẹ̀ kò lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mọ́. N ó dé orí ìyẹn.

Èkejì, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìwé, ni fídíò. Nígbà tiwa, kásẹ́ẹ̀tì la máa ń yá lọ́wọ́ ẹni tó bá ti òkè òkun dé. Bí a bá wò ó dé ìdajì, iná á lọ, olówó kásẹ́ẹ̀tì á sì wá gba nǹkan rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ìdí nìyẹn tí ajá wa fi mọ ìjókòó fún odidi oṣù kan tí kò mọ ìdìde. Tiyín ti kún inú fóònù báyìí, ìyẹn gan-an sì ni ìṣòro. Obìnrin arúgbó kan wà níbẹ̀ tó máa ń kọ́ ajá nínú kíṣìnnì rẹ̀. Òun ni mo fẹ́ràn jù. Pa ohùn rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni kí o máa wò. Wàá rí i pé kì í na ọwọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kì í sì í bínú sí ajá tí ọ̀rọ̀ kò tí ì yé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tún wà tó ń fi Yorùbá kọ́ ajá tirẹ̀, ó ń pa á lẹ́rìn-ín, ó sì mọ ohun tó ń ṣe. Ṣùgbọ́n ọkùnrin oníbàtà gígùn yẹn, tó ń fi ṣéènì fa ajá lọ́rùn, tó ń bú mọ́ ọn, tí gbogbo ayé ń pàtẹ́wọ́ fún, fò ó kọjá. Ajá tó bẹ̀rù rẹ kò gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu, ó kàn ń wá ọjọ́ tí ṣéènì máa já ni. Má sì wo fídíò mẹ́wàá. Mú ẹyọ kan, kí o tẹ̀lé e dópin. Ajá olùkọ́ mẹ́wàá kì í gbọ́ ti ẹnì kankan.

Bí aládùúgbò kan bá wá sọ fún ọ pé kí o fi ata sí oúnjẹ rẹ̀ kó lè rorò, sọ fún un pé kí ó kọ́kọ́ jẹ ẹ́ wò ná.

Ohun tí o béèrè ti tán. Ohun tó kù ni èyí tí o kò béèrè, tí kò sì sí nínú ìwé kankan tàbí fídíò kankan. Ọ̀rọ̀ orúkọ ni.

Gbogbo ìwé yẹn ló fẹnu kò lórí ohun kan, pé orúkọ ni ìpìlẹ̀. Ajá tí kò mọ orúkọ rẹ̀, kò sí ohun tí o lè kọ́ ọ. Wọ́n ní kí o pè é nígbà púpọ̀ lójúmọ́, kí o pè é ketekete, kí ohùn rẹ dùn, kí ẹran wà lọ́wọ́ rẹ. Bí o bá pè é, tó wo ojú rẹ, fún un ní ẹran. Tún pè é. Òyìnbó lè kọ bẹ́ẹ̀ kí ó sì sùn dáadáa, torí pé orúkọ bíi ti ọmọ kékeré ni wọ́n ń sọ ajá tiwọn. Wọn kò mọ̀ pé ní ọ̀dọ̀ tiwa, ajá lè jẹ́ ẹnu tí a fi ń bú ara wa.

O rántí Ojúlarí. O máa ń gun un bí ẹṣin títí mo fi nà ọ́. O sì mọ ibi tí orúkọ náà ti wá: ojú la rí, ọ̀rẹ́ ò dénú. Ohun tí o kò mọ̀ ni ẹni tí mo fi bú. Ẹ̀gbọ́n mi ni, Ìyá Kẹ́mi.

Inú ilé bàbá wa, tí mo ti ń kọ lẹ́tà yìí, la jọ ń gbé nígbà náà. Èmi, bàbá yín àti ẹ̀yin ọmọ wà lápá ọ̀tún, Ìyá Kẹ́mi àti Kẹ́mi wà lápá òsì. Aṣọ ni wọ́n ń rán, inú fàráńdà iwájú ni máṣíìnì wọn máa ń wà. Ìyá wa kò bí ju àwa méjèèjì lọ. Wọ́n fi ọdún mẹ́rin jù mí, àwọn ló pọ̀n mí, àwọn ló kọ́ mi ní A, B, D. Ọbẹ̀ kan náà là ń sè. Bí mo bá se ìkọ́kọrẹ́, a kì í béèrè ta ló ni ìkòkò.

Lọ́dún kan, wọ́n ka iye ìwé tó wà ní láíbìrì ilé-ìwé wa, àwọn kan kò sí níbẹ̀. Èmi ni mo yá wọn fún àwọn tíṣà láì kọ orúkọ wọn sílẹ̀, àwọn mìíràn sì wà nínú ilé èmi fúnra mi. Ìwé pupa náà wà lára wọn, n kò sì dá a padà nígbà náà. Wọ́n ní kí n wá ṣàlàyé lọ́fíìsì. Ojú tì mí débi pé n kò lè sọ fún bàbá yín. Ìyá Kẹ́mi nìkan ni mo sọ fún, níbi tí wọ́n jókòó sí nídìí máṣíìnì. Wọ́n ní kí n má sunkún, wọ́n ní á kọjá lọ. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀rọ̀ náà ti dé ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa gba rẹ́jísítà tí mo ń kọ fún wọn lọ́wọ́ mi. Wọ́n fi ẹ̀rín gbà á, wọ́n ní kí n lọ sinmi díẹ̀. O mọ irú ẹ̀rín yẹn.

Mo dá Ìyá Kẹ́mi lẹ́bi lójú ẹsẹ̀. N kò béèrè lọ́wọ́ wọn. Gbọ́ ìyẹn dáadáa, Bánjọ: n kò béèrè. Inú ló ń bí mi, inú bíbí kì í sì í béèrè ọ̀rọ̀, ó ti mọ ìdáhùn kó tó dé. Títí di òní tí mo ń kọ̀wé yìí, n kò mọ ẹni tó sọ ọ́. Ó lè jẹ́ àwọn ni. Ó lè jẹ́ akọ̀wé ọ́fíìsì tí ìyàwó rẹ̀ wà nínú ẹgbẹ́ wa. Mo ní ọjọ́ tó pọ̀ tí mo fi lè béèrè, mo sì fi gbogbo rẹ̀ pe ajá.

Oṣù yẹn ni bàbá yín mú ọmọ ajá kan wálé. Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ. Kì í ṣe èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ àṣà náà. Ìyá wa sọ ajá lórúkọ nítorí ìyàálé wọn rí, ìyàálé wọn náà sì fi òmíràn dá wọn lóhùn. Àwọn ará ilé á gbọ́, wọn á rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀. Mo ti rò ó títí kí n tó mọ ìdí tí tiwọn kò fi pa ẹnikẹ́ni. Ẹnì kankan kì í kọ́ ajá láyé ìgbà náà. Ajá ń rìn kiri ni, bí oúnjẹ bá kù la máa ń pè é, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Èébú náà kò ju ata inú ọbẹ̀ lọ. Èmi ọ̀mọ̀wé wá gbé èébú náà, mo fi ìwé pupa kọ́ ọ.

Láràárọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́, Ojúlarí. Bí mo bá dé, Ojúlarí. Mo gé edé gbígbẹ sínú ike dípò ẹran, mo dúró ní àgbàlá, mo ń fi ohùn dídùn pè é gẹ́gẹ́ bí ìwé ṣe wí. Ojúlarí, ẹran. Ojúlarí, ẹran. Mo sì ń fetí sílẹ̀. Bí mo bá ti pè é, máṣíìnì Ìyá Kẹ́mi á dúró. Á dákẹ́ díẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Mo pè, ó dúró. Ajá ń kọ́ orúkọ rẹ̀, èmi náà sì ń gbádùn ìdákẹ́jẹ́ máṣíìnì yẹn ju bí ajá ṣe ń gbádùn edé lọ. Mo ń sọ òtítọ́ fún ọ torí pé mo ti dàgbà ju irọ́ lọ. Ó dùn mọ́ mi.

Wọn kò bá mi jà. Wọn kò bi mí ní ohunkóhun. Wọ́n ṣì ń fún ajá náà ní oúnjẹ tó bá ṣẹ́kù, ó sì fẹ́ràn wọn, àmọ́ wọn kì í dárúkọ rẹ̀. Wọn á pàtẹ́wọ́ fún un ni, tàbí kí wọ́n súfèé. Bẹ́ẹ̀ la ṣe wà fún ọdún mẹ́ta. Ajá náà wá mọṣẹ́ débi pé bí o bá pe orúkọ rẹ̀ nígbà tó ń lé ewúrẹ́, á dúró gbagidi bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀. Àwọn ará àdúgbò máa ń mú àlejò wá wò ó.

Ìwọ wà ní ilé-ìwé tí ẹ ń sùn sí nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Ọ̀sán ni. Ẹni tó gbé omi wá fi géètì sílẹ̀ ní ṣíṣí. Mo ń fọ irun lẹ́yìn ilé. Ojúlarí rí ewúrẹ́ lódì kejì títì, ó ju ara rẹ̀ síta. Ọkọ̀ tó kó yanrìn ń bọ̀, eré ló ń sá. Mo gbọ́ ariwo àwọn èèyàn, mo sáré dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ọṣẹ lórí. Ìyá Kẹ́mi ti dìde nídìí máṣíìnì. Wọ́n pàtẹ́wọ́, ajá kò gbọ́. Wọ́n pariwo "Ajá! Ajá!", kò mọ ìyẹn sí orúkọ rẹ̀. Wọ́n wá la ẹnu, wọ́n fi gbogbo ohùn tí Ọlọ́run fún wọn ké e síta, láàárín àdúgbò, níṣojú gbogbo èèyàn tó mọ ìdí tí mo fi sọ ajá náà bẹ́ẹ̀. "Ojúlarí!"

Ajá dúró létí gọ́tà. Ọkọ̀ kọjá.

 Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lódì kejì bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyá Kẹ́mi, ẹ ti fẹnu ara yín pè é lónìí!" Àwọn tó kù gbà á lẹ́nu rẹ̀. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, ọṣẹ ń ṣàn bọ́ sí mi lójú, èmi àbúrò tí Ìyá Kẹ́mi fi ẹ̀yìn pọ̀n.

Mo bá àwọn èèyàn náà rẹ́rìn-ín.

Ìyá Kẹ́mi lọ mú ajá náà létí títì, wọ́n fà á lọ́rùn wá bá mi. Kò sí ìbínú lójú wọn. Wọ́n ní, "Gba ajá rẹ. O kọ́ ọ dáadáa." Wọ́n padà sí ìdí máṣíìnì, wọ́n parí aṣọ tí wọ́n ń rán. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, wọ́n gbé máṣíìnì sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n kó lọ sí Ìjẹ̀bú-Ìmusin, ìlú ìyá wa, àwọn àti Kẹ́mi. A sọ fún ẹ̀yin ọmọ pé iṣẹ́ aránṣọ ló pọ̀ jù lọ́hùn-ún. Irọ́ ni.

Ẹ̀kọ́ kẹta nìyẹn, lẹ́yìn ti ìwé àti ti fídíò, bí kò bá sú ọ láti máa kà á. Ẹni tí a bá fi ajá bú, tí kò ní ajá tirẹ̀, kò ní ibi tó máa gbà dáhùn. Bí o bá bú Mọ́lá lójúkojú, ó lè bú ọ padà, ẹ ó jà, ìyàwó rẹ á là yín, ẹ ó jẹun. Bí o bá pe ajá rẹ, kí ni ó fẹ́ wí? Ṣé kí ó bá ajá jà? Dídákẹ́ ló kù fún un. O rò pé o ti borí ni o fi ń rẹ́rìn-ín sí dídákẹ́ yẹn. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́ta.

Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, mo fẹ́ yí orúkọ ajá náà padà. Mo ṣí ìwé pupa, ó ní ó ṣeé ṣe: kí n pe orúkọ tuntun, kí n fún un ní ẹran, kí n má pe ti àtijọ́ mọ́ rárá. Bí ọmọ ajá bá ni, kì í pẹ́ rárá. Ṣùgbọ́n tiwa ti dàgbà, ó sì ti gbọ́ orúkọ yẹn láìmọye ìgbà. Mo pè é ní Ìtùnú. Ó wo apá ibòmíràn. Mo pè é fún oṣù méjì, edé tán nílé. Títí tó fi kú, Ojúlarí nìkan ló ń jẹ́, mo wá ń rọra pè é wúyẹ́wúyẹ́ bí olè nínú ilé bàbá ara mi. Ìgbà náà ni mo dá ìwé pupa padà fún ilé-ìwé. Ọ̀gá ilé-ìwé dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Bánjọ mi, ọmọ ajá tìrẹ kò tí ì mọ orúkọ rẹ̀. Mọ́lá ló ti mọ̀ ọ́n. Ṣe kíákíá. Má pe orúkọ yẹn mọ́, ì báà jẹ́ eré. Gbé ajá náà mọ́ra lálẹ́ òní, kí o lọ kan ilẹ̀kùn àbúrò rẹ. Má ṣàlàyé púpọ̀. Sọ fún un pé o kò tí ì rí orúkọ tó dáa fún un, kí òun bá ọ sọ ọ́. Orúkọ yòówù tó bá mú wá, ì báà ṣe èyí tí kò wù ọ́, òun ni kí o máa pè. Lẹ́yìn náà kí o béèrè ọ̀rọ̀ òrùlé náà lọ́wọ́ rẹ̀, kí o béèrè bí ẹni tí kò mọ ìdáhùn. Bóyá ó jẹ̀bi. Ó lè jẹ̀bi dáadáa. Òrùlé ṣeé tún kàn.

Mo mọ̀ pé o ó ní Mọ́mì ti ń sọ àṣejù, ajá lásán ni. Nítorí náà ni n ó fi sọ ibi tí mo lọ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta fún ọ.

Kẹ́mi ti pè mí láti oṣù tó kọjá. Ó ní, "Ẹ wá kí Màmá. Wọ́n ti ń gbàgbé nǹkan. Ẹ wá kó tó di pé wọn ò mọ̀ yín mọ́." Mo ń fi òní dónìí, mo ń fi ọ̀la dọ́la. Láti ìgbà tí wọ́n ti kó lọ, ibi òkú nìkan la ti ń pàdé, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú ìrọ́jú, kálukú á gba ilé rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn tí o pè mí lọ́jọ́ Ẹtì, mo mọ̀ pé mo gbọ́dọ̀ lọ. Mo ra búrẹ́dì, mo wọ ọkọ̀ Ìmusin.

Wọ́n gbé àga fún Ìyá Kẹ́mi sábẹ́ ìbòòji. Wọ́n ti rù. Ọwọ́ wọn ń lọ, ó ń bọ̀ lórí itan wọn bí ẹni tó ń ti aṣọ sábẹ́ abẹ́rẹ́ máṣíìnì. Kẹ́mi tẹ̀ba sétí wọn, ó ní, "Màmá, ẹ wo ẹni tó wá kí yín. Ṣé ẹ mọ̀ wọ́n?"

Wọ́n wò mí títí. Mo kúnlẹ̀. Wọ́n ní, "Mo mọ̀ ọ́n. Ojúlarí ni."

Ojú ti Kẹ́mi. Ó ní, "Rárá o, Màmá, ajá nìyẹn. Àbúrò yín rèé, tí ẹ pọ̀n."  N kò mọ̀ bóyá ìgbàgbé ló ń sọ̀rọ̀ tàbí ìrántí, Bánjọ, n kò sì ní mọ̀ ọ́n láé, torí kò sí ẹni tí mo lè béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Mo ti pẹ́ jù pẹ̀lú ìbéèrè mi. Wọ́n bu búrẹ́dì díẹ̀ nínú èyí tí mo gbé wá, wọ́n nà án sí mi, ohùn wọn sì dùn, ó dùn bí ìwé ṣe ní kó dùn.

Wọ́n ní, "Ojúlarí. Wá."

Mo dìde, mo lọ bá wọn, mo sì gbà á lọ́wọ́ wọn jẹ.

Kí o tó ṣí ìwé àkọsílẹ̀ tí mo fi ránṣẹ́ sí ọ, kí o kọ́kọ́ lọ sí ilé Mọ́lá. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí o bá a nílé.

Èmi ni ìyá rẹ,
tí ẹ̀gbọ́n mi ń pè ní Ojúlarí.